Ohun Tí A Bá Tọ́jú Ni Ó Ń Tọ́jọ́

   Ìwé tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún kọ sí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ni ó fún wa ní orí ọ̀rọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì rọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó fún ilé-ìwé ní ẹ̀bùn kan tí ó jẹ́ "durable". Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Ọmọ kíláàsì kejì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á dé ibẹ̀, a gbé ìwé náà sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ ti wà láàárín àwa àti ọ̀rọ̀ yẹn.

Kíláàsì kẹta ni a wà. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì wa kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí ojú pátákó, ó ní kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ gbólóhùn kan. "Durable" wà lára wọn. Ẹlòmíràn kọ nípa bàtà, ẹlòmíràn kọ nípa àga, ẹlòmíràn kọ nípa kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀. Àwa kọ ọ́ pé, "My grandmother is durable." Nígbà tí olùkọ́ ka gbólóhùn wa sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àwọn ẹgbẹ́ wa sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe orúkọ fún wa títí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ náà fi parí. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fa ìlà pupa sí abẹ́ gbólóhùn náà, ó sì ṣàlàyé fún wa pé ohun èlò ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ yẹn fún, wọn kì í lò ó fún ènìyàn. Òdo ni ó fún wa. Bí a bá fi òfin èdè Gẹ̀ẹ́sì wò ó, olùkọ́ wa jàre. Síbẹ̀, àwa náà mọ ohun tí a ní lọ́kàn tí a fi kọ ọ́.

Bàbá wa ti dolóògbé kí a tó wọ ilé-ìwé girama. Ìyá tí ó bí bàbá wa ni ó tọ́ wa. Gbogbo ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ni ó mọ Fìdítì mọ́ èso: ọsàn, ọ̀pẹ̀-òyìnbó, máńgòrò, kajú, èyí tí àsìkò bá gbé wá. Ẹ̀bá títì yẹn ni ìyá wa àgbà ti ń pàtẹ. Bí oòrùn mú, ó wà níbẹ̀. Bí òjò rọ̀, yóò ṣí sí abẹ́ òrùlé ẹlòmíràn, yóò sì padà bí òjò bá dá. A kò rántí ọjọ́ kan tí a ti ilé-ìwé dé tí a kò bá a lórí àpótí tí ó ń jókòó lé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé girama kò ì tí ì dé nígbà náà. Ọdún 1979 ni ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè gbé e dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Owó ọsàn ni ó ń di owó ilé-ìwé wa. Dúrósinmí ni ó ń pè wá. Orúkọ náà kò sí nínú ìwé orúkọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀ ni ó sọ wá ní i. Ẹ̀bẹ̀ ni ó fi bẹ̀ wá nínú orúkọ náà, pé kí a dúró, kí a lè sin òun.

Láti ọjọ́ tí a ti gba òdo yẹn ni a ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà kiri bí ẹni ń ṣọ́ ajigbèsè. A ti rí i lára páálí bátìrì àti lára agolo ọ̀dà. A ti rí i nínú ìwé àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀: ohun tí a bá retí pé yóò wúlò fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, irú bí ọkọ̀, ẹ̀rọ amómitutù àti ibùsùn, ni wọ́n ń kà sí i. Oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀, aṣọ kò sì sí nínú rẹ̀. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń parí ogun láàárín orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń wá àlàáfíà tí kò ní tú ká lọ́dún kejì. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pẹ̀lú ń lò ó fún àwọn ogunléndé. Ojútùú mẹ́ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: kí ogunléndé fi tìfẹ́tìfẹ́ padà sílé, kí ó di ara ilé níbi tí ó sá wá, tàbí kí orílẹ̀-èdè mìíràn gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Ọ̀yọ́, nítorí lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí.

Bí a bá sọdá sí orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará wa ní Kétu àti Sákétẹ́ ti ń kàwé ní èdè Faransé, ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà, ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Àfojúsùn mẹ́tàdínlógún tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015 fún ìdàgbàsókè ayé, "durable" ni Faransé fi ń ṣàpèjúwe irú ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀. Ìdàgbàsókè tí kò jẹ irúgbìn àwọn ọmọ tí ń bọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ó ń gbé Amẹ́ríkà ni ó tún kọ́ wa ní ìlò kan tí a kò mọ̀ rí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ darúgbó, agbẹjọ́rò ní kí màmá fọwọ́ sí ìwé kan tí yóò fún ọmọ ní àṣẹ láti bá a ná owó rẹ̀ kí ó sì bá a ṣe ètò rẹ̀. Irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá pè ní "durable", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àṣẹ náà kò ní parẹ́ bí iyè ẹni tí ó fi í fúnni bá tilẹ̀ ra. Màmá náà kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n ọmọ ṣì ń dúró fún un. Nígbà tí ẹlẹgbẹ́ wa sọ èyí lórí fóònù, a ní, "Gbólóhùn kíláàsì kẹta ń sún mọ́ òtítọ́ o." Ó rántí. Ó wà lára àwọn tí ó rẹ́rìn-ín.

Èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. "Durus" ni wọ́n ń pe ohun tí ó le. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí "duro", tí ó túmọ̀ sí pé mo mú nǹkan le, tàbí pé mo fara dà á, mo ṣì wà. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i nínú ìwé atúmọ̀, a pariwo, nítorí ojú Yorùbá ni a fi kà á: dúró! Kò sí ìbátan láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n kàn pàdé lójú ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n ìpàdé náà dùn mọ́ ẹni tí ń jẹ́ Dúrósinmí.

Èdè Yorùbá kò gba ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì gbà. Líle ni Látìnì fi bẹ̀rẹ̀, àwa sì mọ̀ pé líle nìkan kò tó. Ìkòkò le, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó di àpáàdì. Awọ yi, kì í fọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ sínú omi, yóò rà. Ọ̀rọ̀ tí a ní fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń wá ni "tọ́jọ́", ọ̀rọ̀ ìṣe sì ni. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, bàtà ti jẹ́ "durable" láti orí igbá ẹni tí ń tà á, kí ẹsẹ̀ kankan tó wọ inú rẹ̀. Ní ti Yorùbá, bí ẹni tí ń tà á bá ní yóò tọ́jọ́, ìlérí ni ó ṣe. Ẹni tí ó ti wọ̀ ọ́ la òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kọjá nìkan ni ó lè sọ pé ó tọ́jọ́. Ẹ̀rí ni tirẹ̀.

Àdúrà wa náà yàtọ̀. Bí ẹnìkan bá wọ aṣọ tuntun, a kì í tọrọ pé kí aṣọ náà má gbó. Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí ó gbó mọ́ ọn lára, kí ẹ̀mí rẹ̀ sì lo òmíràn. Ẹni tí ń bẹ nínú aṣọ ni a fẹ́ kí ó pẹ́. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ọmọ ni àwọn baba wa sọ ní Dúrójayé àti Dúrósinmí; wọn kò sọ àga tàbí ilé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a wà ní Sẹ́mínárì àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898, a lọ wá ọ̀rọ̀ náà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611. Ibi méjì péré ni ó wà: Òwe 8:18, níbi tí ọgbọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ tí ó ní, àti Aísáyà 23:18, níbi tí wòlíì ti ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tí èrè Tírè yóò rà fún àwọn tí ń gbé níwájú Olúwa. Àwọn atúmọ̀ òde òní kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn ní aṣọ dáradára ni Aísáyà ń wí. Nínú Hébérù, gbòǹgbò kan náà ni ó wà ní ibi méjèèjì, ìtumọ̀ gbòǹgbò náà sì ni kí nǹkan máa tẹ̀ síwájú, kí ó máa dàgbà. Èdè Árámáíkì, tí ó jẹ́ ìbátan Hébérù, ni a fi kọ orí keje ìwé Dáníẹ́lì. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú gbòǹgbò yẹn jáde ni wòlíì fi pe Ọlọ́run fúnra rẹ̀ lórí ìtẹ́, Ẹni tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní Ẹni-àgbà ọjọ́. A pa ìwé dé ní alẹ́ ọjọ́ náà, a sì fún ara wa ní máàkì tí a ti pàdánù ní kíláàsì kẹta.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tí a kò tí ì sọ ní gbangba rí.

Ìyá wa àgbà ní aṣọ òfì kan, ẹtù, tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn. Aṣọ ìyá rẹ̀ ni kí ó tó di tirẹ̀. Ó ti dàgbà ju bàbá wa lọ, síbẹ̀ kò ní ihò kan lára. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá wa àgbà yóò kó o jáde láti inú àpótí, yóò sá a sí ibi tí oòrùn kò ti mú jù, yóò yẹ ojú rírán rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí òwú rẹ̀ bá ti ń tú ni yóò rán padà. Lẹ́yìn náà yóò ká a ní ọ̀nà mìíràn, kí ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ po ní ọdún tí ó kọjá má baà ya, yóò sì fi káńfọ̀ sí i. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Dúrósinmí, aṣọ tí ẹ ó fi sin mí rèé."

Ní ọdún tí a fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, owó ìdánwò pọ̀ ju owó ọsàn lọ. Àmọ́ ìyá wa àgbà san án kí àkókò tó kọjá. A kò bèèrè ibi tí ó ti rí i. Ọmọdé kì í bèèrè. Ní ọjọ́ ìdágbére ní ilé-ìwé, ó wọ àǹkárá wá. A bi í léèrè ẹtù rẹ̀. Ó ní, "Ó ti gbó." A gbà á gbọ́. A tilẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀, a ní aṣọ tí ó ń yangàn pé ó tọ́jọ́ kò tọ́jọ́ mọ́. Ó bá wa rẹ́rìn-ín.

Ó kú ní ọdún tí a fẹ́ parí ẹ̀kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. A dé bá a nílẹ̀, a sì sin ín, gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí ó sọ wá. Nígbà tí àwọn obìnrin ilé ń tú àpótí rẹ̀ láti wá ẹtù náà, àbúrò rẹ̀ láti Awẹ́ ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá a. Ó ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni àwọn méjèèjì jọ gbé e lọ tà, ní ọdún ìdánwò wa. Aṣọ funfun ni a fi sin ín. A dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibojì pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, gbogbo ènìyàn sì ń kí wa pé a ṣe ọkùnrin. Àwa nìkan ni a mọ ohun tí a wọ̀ sọ́rùn lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè sáré dáhùn ìwé ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ wa ti fún ilé-ìwé ní ẹ̀bùn rí. Ẹ̀rọ amúnáwá ni, ó tóbi, a kọ orúkọ wa sí ara òkúta mábù, a sì ya fọ́tò. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀, ó sì dákẹ́. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà wò ó, ó yege. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni bí kò ṣe tiwa: a ra ẹ̀rọ, a kò ya owó sọ́tọ̀ fún ọ́ìlì àti àtúnṣe rẹ̀. Mábù náà ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ wa ń dán lára rẹ̀.

Nínú yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, a rí tábìlì ìrókò mélòó kan tí a jókòó sí ní ìgbà tiwa. Àwọn kan yóò ní igi ìrókò ni, ikán kì í jẹ ẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí a jọ wà níbẹ̀, ẹ rántí ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú ìparí sáà. Olúkúlùkù yóò dojú tábìlì rẹ̀ bolẹ̀, yóò gbá ìṣó tí ó bá yọ wọlé, yóò fi yanrìn àti omi fọ̀ ọ́, yóò sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò pa ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ikán. Ọ̀gá yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lọ sílé. A kórìíra iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà ni ó wà nínú tábìlì wọ̀nyẹn títí di òní.

Ó wá yé wa pé "tọ́jọ́" àti "tọ́jú" kò jìnnà sí ara wọn lẹ́nu, àti pé "tọ́" ni a ń pe iṣẹ́ ẹni tí ó wo ọmọ dàgbà. A kò sọ pé gbòǹgbò wọn jẹ́ ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ èdè ni kí wọ́n sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ilé ayé, a kò tí ì rí ọ̀kan kí a má rí èkejì. Ọwọ́ tí ń ká ẹtù ní ọ̀nà mìíràn lọ́dọọdún ni ó mú kí ẹtù tọ́jọ́. Ọwọ́ kan náà ni ó gbé e lọ sí ọjà nígbà tí ó rí i pé ohun kan wà tí ó yẹ kí ó pẹ́ jù ú lọ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa pàdé lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn, àwọn kan fẹ́ ẹnu-ọ̀nà ńlá tí a ó kọ orúkọ sí, àwọn kan fẹ́ iná olóòrùn. Ọ̀kan nínú wa tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ bèèrè pé, "Ta ni yóò máa tún un ṣe?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ìpinnu wa nìyí: a ó tún gbogbo àga àti tábìlì tí ó ti fọ́ ṣe, lẹ́yìn náà a ó máa dáwó lọ́dọọdún fún káfíńtà, ìṣó àti pákó, pẹ̀lú ìlérí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn yóò máa bá a ṣe é ní ìparí sáà. Kò sí ibi tí a ó kọ orúkọ sí. Inú àwọn kan kò dùn sí i, owó náà kò sì tí ì pé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ ara yín.

Ẹni tí ó bá fetí sí orúkọ ìlú wa, "fi ìdí tì" ni yóò gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìdí ti ibì kan kò ní sáré dìde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí ìjọ san fún wa, Ìsẹ́yìn ni a gbé e lọ, a fi ra ẹtù. Ẹni tí a rà á fún kò sí mọ́. Ọmọ wa obìnrin ni yóò jogún rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwa àti òun a máa kó o jáde, a máa sá a, a máa yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, a sì máa ká a ní ọ̀nà mìíràn.

Kí Ẹni-àgbà ọjọ́ pa ilé-ìwé wa mọ́, kí ó sì fún wa ní ọwọ́ tí kì í ṣàárẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Àmín.